Màmá Tíṣà àti Alágbàṣe Ẹkún

Ẹ má retí pé màá sọ pé ìyá ìyá mi fẹ́ràn gbogbo ènìyàn. Irọ́ tí wọ́n máa ń tẹ̀ sẹ́yìn ìwé ètò ìsìnkú nìyẹn, Màmá sì kórìíra irọ́ inú ìwé ju irọ́ ẹnu lọ. Àwọn tí kò fẹ́ràn pọ̀ lọ bí ilẹ̀ bí ẹní. Kò fẹ́ràn ẹni tó bá ń kí i láti inú mọ́tò. Kò fẹ́ràn pásítọ̀ tó ń wo aago nígbà tí ẹlòmíràn ń gbàdúrà. Ṣùgbọ́n bí a bá kó gbogbo ìkórìíra rẹ̀ jọ sójú kan, ìdajì rẹ̀ á jẹ́ ti ọkùnrin olórin kan ṣoṣo, tí kò bá a jẹ, tí kò bá a mu, tí kò tilẹ̀ mọ̀ pé arúgbó kan wà ní àdúgbò Adébáyọ̀ ní Adó-Èkìtì tó ń bú òun láàárọ̀ lálẹ́.

N kò ní dárúkọ olórin náà, nítorí Màmá pàápàá kò dárúkọ rẹ̀ rí. Alágbàṣe Ẹkún ló ń pè é. Ó ní bí àwọn kan ṣe ń gba iṣẹ́ oko olóko ṣe, bẹ́ẹ̀ ni tirẹ̀ ń gba ẹkún ẹlẹ́kún sun. Ẹ mọ̀ ọ́n. Òun lẹ máa ń gbọ́ nínú bọ́ọ̀sì, ní báńkì, lọ́dọ̀ ẹni tó ń lẹ táyà, àti lórí fóònù ẹni tí ẹ pè tí kò tètè gbé e. Ohùn rẹ̀ dùn. Mo ní láti sọ ìyẹn, kí ẹnikẹ́ni má bàa sọ pé ìlara ló ń ṣe wá. Ó dùn bí oyin, ṣùgbọ́n ta ló ń fi oyin mu ẹ̀kọ, tó ń fi oyin jẹ iyán, tó tún ń fi oyin fọ ẹnu kó tó sùn?

Ẹ máa rí i pé “ó” ni mo ń pe Màmá, n kò pè é ní “wọ́n”. Ẹ má tíì bú mi. Ìgèdè-Èkìtì ni wọ́n bí i sí, wọn kì í sọ àgbà kan di ọ̀pọ̀ ènìyàn níbẹ̀. Tíṣà ni, ó kọ́ ọmọ ní ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ títí ó fi fẹ̀yìn tì. Ó gbọ́ Yorùbá ìwé, ó gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì, ṣùgbọ́n bó bá ti délé, ilé á di ulé, iyán á di uyán, ó parí. Nígbà tí mo kàwé tán ní Ìbàdàn tí mo padà wá ń gbé lọ́dọ̀ rẹ̀, mo dé pẹ̀lú ẹ̀yin báyìí, ẹ̀yin báyẹn. Ó wo ẹ̀yìn ara rẹ̀, ó wo ẹ̀gbẹ́, ó ní, “Àwa mélòó lo rí?” Láti ọjọ́ yẹn ni mo ti jáwọ́.

Nínú agbo-ilé tí wọ́n ti bí i, òkú kì í lọ láìgba orin. Bí àgbàlagbà bá kú, àwọn obìnrin ilé á dúró yí i ká, ẹnì kọ̀ọ̀kan á sì dá orin tirẹ̀. Òfin orin náà rọrùn láti sọ, ó le láti ṣe. O gbọ́dọ̀ mú ohun kan tó jẹ́ pé òkú yẹn nìkan ló ṣe é. Bó bá jẹ́ ahun, o lè sọ ọ́. Bó bá máa ń hanrun débi tí ewúrẹ́ fi ń sá kúrò lábẹ́ fèrèsé, sọ ọ́. Ohun tí o kò gbọ́dọ̀ sọ ni pé èèyàn rere ni, nítorí kò sí òkú tí wọn kì í pè bẹ́ẹ̀. Ìyá Màmá ló kọ́ ọ, òun náà sì kọ́ mi, pé orin tó bá òkú méjì mu, kì í ṣe orin òkú kankan.

Ẹ má wá rò pé olóhùn ni Màmá o. Ohùn rẹ̀ burú. Ìlẹ̀kùn tí kò rí epo láti ọdún tó kọjá sàn jù ú lọ. Ní ṣọ́ọ̀ṣì wa, ọ̀gá akọrin fi ọgbọ́n yọ ọ́ kúrò nínú ẹgbẹ́, ó ní kó máa bójú tó àpótí ìwé orin, pé iṣẹ́ pàtàkì ni. Màmá gba iṣẹ́ pàtàkì náà, ó sì ń kọrin láti ìdí àpótí, tó fi jẹ́ pé ẹ̀yìn ìjọ ni ohùn rẹ̀ ti ń fa orin sọ́tùn-ún sósì. Nígbà tí wọ́n tún wá bá a sọ ọ́, ó bi wọ́n pé ìhó ayọ̀ ni Bíbélì wí, ta ló wá sọ pé ohùn dídùn? Wọ́n fi í sílẹ̀.

Ìkórìíra tó ní sí Alágbàṣe ní ibi tó ti bẹ̀rẹ̀. Ìjan-Èkìtì ni. Màmá ní ọ̀rẹ́ kan níbẹ̀ tó ń jẹ́ Àǹtí Fèyí, tíṣà bíi tirẹ̀, tí kò bímọ títí ọlọ́jọ́ fi dé. Àwọn ọmọ àbúrò rẹ̀ tí wọ́n wà l’Ékòó àti lókè òkun fẹ́ sin ín kí ayé gbọ́, ni wọ́n bá gbé Alágbàṣe Ẹkún wá. Ó kọ orin ìyá rẹ̀ tí gbogbo ayé mọ̀, èyí tó ní, “Ìyá tó bí mi, omijé ẹ ló bomi rin ọgbà mi.” Àyè kan wà láàárín orin náà, ibi tí ìlù á ti rọlẹ̀, tí yóò ti fi orúkọ òkú ọjọ́ náà há a, tí yóò sì máa bá tirẹ̀ lọ. Lọ́jọ́ yẹn, Fèyí ló há a. Ó kọ ọ́ pé, “Màmá Fèyí, ìyá tó bí mi.” Ojú ti àwọn ará Ìjan, wọ́n ń wo ilẹ̀. Obìnrin tí wọ́n ti fi ọ̀rọ̀ ọmọ gún lára láti ìgbà èwe rẹ̀ títí dọjọ́ alẹ́ ni wọ́n tún wá fi máíkì rán létí lórí pósí.

Màmá dìde. Ó fẹ́ lọ gba máíkì yẹn lọ́wọ́ rẹ̀, kó sọ fún un pé obìnrin tó sùn síbẹ̀ yìí kò bímọ, ohun tó ṣe láyé rèé. Bí Alágbàṣe ti rí i tó ń bọ̀, tó ń fapá, tí gèlè ti yẹ̀, ó rò pé ijó ni. Ó ní kí wọ́n wo ìyá arúgbó tó ń jó. Ó bi ẹnì kan léèrè orúkọ rẹ̀, ó há òun náà sínú orin. Àwọn ọmọ àbúrò Fèyí yọ owó, wọ́n ń lẹ̀ ẹ́ mọ́ ọn níwájú orí. Bó ti ń pariwo pé kí wọ́n dákẹ́ náà ni wọ́n túbọ̀ ń pàtẹ́wọ́. Ó délé pẹ̀lú náírà kan tí òógùn ti lẹ̀ mọ́ etí rẹ̀. Ó jókòó, kò bọ́ bàtà, ó ní, “Mo lọ bínú, wọ́n sọ mí di oníjó.” Mo rẹ́rìn-ín títí inú fi ń run mí.

Láti ìgbà náà ló ti di pé bí Alágbàṣe bá ti kọrin lórí rédíò, Màmá á máa dá a lóhùn bí ẹni tó ń máàkì ìwé ọmọ olódo. Ọgbà wo? Ṣé ọmọ tó ń wọ jìgí dúdú nínú yàrá yìí ti gbin ẹ̀fọ́ rí? Omijé ní iyọ̀ nínú, kí ẹni tó bá ń fi omi iyọ̀ bomi rin ọgbà wá fi ewé rẹ̀ han òun. Alágbàṣe ní ìyá òun jìyà. Kí ni ìyá náà ń tà? Ọjà wo ló ń ná? Òjò ló pa á ni, àbí ọkọ ló lé e? Kò ní sọ ọ́, nítorí bó bá sọ pé epo pupa ni ìyá òun ń tà, ọmọ aláṣọ kò ní sunkún mọ́.

Èmi náà kórìíra rẹ̀, ẹ má rò pé Màmá ló ràn mí. Mo ti wo fídíò rẹ̀ láti oríṣiríṣi ìlú, orí ọ̀rọ̀ kan náà ni aṣọ ìnujú funfun yẹn ti máa ń jáde lápò rẹ̀, tí wọ́n ti lọ̀ ọ́ tó gún régé. Èwo ni kéèyàn mọ̀ pé òun máa sunkún, kó sì ti lọ aṣọ rẹ̀ sílẹ̀? Ẹni tí ẹkún bá gbé lóòótọ́, ẹ̀yìn ọwọ́ ló máa fi nujú.

Ṣùgbọ́n kí n má purọ́ mọ́ òkú. Lọ́jọ́ kan Màmá ń ṣa ẹ̀wà lẹ́yìnkùlé, mo gbọ́ tó ń fi imú kọ nǹkan. Mo tẹ́tí sí i. Omijé ẹ ló bomi rin ọgbà mi ni. Mo yọ sí i láti ẹ̀yìn, mo ní, “Màmá, orin ta lò ń kọ yẹn?” Kò gbójú kúrò nínú ẹ̀wà. Ó ní, “Ẹnu mi ni, kì í ṣe èmi.” Mo ti ro ọ̀rọ̀ yẹn títí. Olórin tí kò mọ orin kọ kì í bíni nínú, a máa ń ṣàánú rẹ̀ ni. Èyí tó wọlé ẹni láìkanlẹ̀kùn, tó jókòó sẹ́nu ẹni, tó sì kọ̀ tí kò lọ, òun lèèyàn máa ń fẹ́ na ní pankẹ́rẹ́.

Ẹnì kan ṣoṣo ló borí Màmá lórí ọ̀rọ̀ yìí, Ìyá Ràṣí ni. Ará Ọ̀fà ni. Òun àti ọkọ rẹ̀ wá ṣòwò sí Adó, ó ń ta báàfù àti abọ́ oníke nínú ṣọ́ọ̀bù tó kọjú sílé wa. Bó bá ti ṣí ṣọ́ọ̀bù láàárọ̀, orin ìyá yẹn ló máa gbé sí, bó bá tán, á tún un gbé. Màmá kọ́kọ́ rán mi pé kó rẹ ohùn rẹ̀ sílẹ̀. Lẹ́yìn náà, ó bẹ̀rẹ̀ sí í ti fèrèsé gbàgà kí wọ́n lè gbọ́. Nígbà tó yá, ó sọdá fúnra rẹ̀, èmi náà tẹ̀ lé e kó má bàa lọ jà. Ó dúró láàárín báàfù, ó sì ṣàlàyé fún obìnrin náà bí ẹni tó ń kọ́ ọmọ ní a-b-d, pé orin yẹn kò sọ nǹkan kan nípa ẹnikẹ́ni, pé òfìfo ni.

Ìyá Ràṣí jẹ́ kó sọ tán. Ó wá ní, “Màmá Tíṣà, ọmọ mi obìnrin kú sí ìlú yìí. Ẹ̀yin ní àwọn tó máa dúró kọrin fún òkú yín. Èmi ò ní. Òfìfo yẹn ni mo rí, òun ni mo gbé ọmọ mi sí.”

Màmá Tíṣà rọra jáde láàárín báàfù. Ó padà sílé, kò bá ẹnikẹ́ni jà títí ilẹ̀ fi ṣú. Ẹ̀rù bà mí, mo rò pé àìsàn ni. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, ó tún sọdá. Ó fa báàfù kan, ó da ojú rẹ̀ dé, ó jókòó lé e, ó sì béèrè orúkọ ọmọ náà. Kúdí ni. Kí ni Kúdí máa ń ṣe? Ìyá Ràṣí ní ọmọ dáadáa ni. Màmá mirí, ó ní kò sí ọmọ tí kò dáa, kí ló máa ń ṣe? Obìnrin náà ronú, ó ronú, ló bá bú sẹ́rìn-ín láìròtẹ́lẹ̀. Ó ní Kúdí kì í wọ bàtà bó ṣe yẹ, tòsì ló máa ń wọ̀ sọ́tùn-ún. Bí èèyàn bá bá a pa á dà, á dọ́gbọ́n jókòó sí kọ̀rọ̀, á tún un pa dà. Ibẹ̀ ni Màmá ti dìde, lójú àwọn oníbàárà, lójú àwọn ọlọ́kadà tó dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó fi ohùn burúkú yẹn kọ ọ́:

Kúdí, ọmọ Ọ̀fà,
tó wọ bàtà òsì sọ́tùn-ún,
tó wọ tọ̀tún sósì,
ọ̀nà tààrà náà ló sì gbà lọ.

Ìyá Ràṣí dojú dé orí àwọn abọ́ ọjà rẹ̀. Ẹkún tó sun kò ní aṣọ ìnujú, ikun ń dà, kò sì bìkítà. Nígbà tí àwa méjèèjì ń sọdá padà sílé, mo sọ fún Màmá pé orin náà dùn. Ó wò mí bí ẹni tí kò kọ́ nǹkan kan rí. Ó ní, “Kò dùn. Ti Kúdí ni.” Bí ẹnikẹ́ni bá bi mí pé kí ni ìyá ìyá mi ṣe láyé, ohun tó ṣe nìyẹn. Ẹ má rò pé Ìyá Ràṣí pa orin Alágbàṣe o. Ó kàn rẹ ohùn rẹ̀ sílẹ̀ ni, Màmá náà kò sì ti fèrèsé mọ́.

Nígbà tí àìsàn gbé e dè, kì í ṣe ikú ló ń bà á lẹ́rù. Bọ̀dá Ṣẹ́gun ni, àkọ́bí rẹ̀, ẹ̀gbọ́n ìyá mi, tó ń gbé ní Àbújá. Bọ̀dá lówó, ó sì ń fẹ́ kí ayé mọ̀, òun àti Alágbàṣe Ẹkún sì ti di ọ̀rẹ́. Màmá mọ̀ pé bí òun bá kú, wọ́n máa gbé ọkùnrin náà wá. Ó di ọwọ́ mi mú lórí ibùsùn, ó ní, “Má jẹ́ kó fi mí há àyè yẹn.” Mo ṣèlérí fún un. Kí ni ǹ bá tún sọ?

Ó kú. Ojú mi kò tíì gbẹ tí Bọ̀dá Ṣẹ́gun ti bẹ̀rẹ̀ ètò. Kò sunkún. Fóònù ló ń pè, pósí ló ń yàn. Orúkọ Alágbàṣe ló sì kọ́kọ́ wà nínú ètò ọjọ́ náà. Mo sọ ohun tí Màmá wí fún un. Ó ní ta ni Màmá kò bú? Àwọn èèyàn ń bọ̀ láti Àbújá, ṣé ohùn àwọn ìyá arúgbó Ìgèdè ni wọ́n fẹ́ gbọ́? Mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Ó ní èmi ni mo máa ń ti Màmá lẹ́yìn nínú ìwà ìkà rẹ̀. Èmi náà sọ tèmi, n kò lè kọ gbogbo rẹ̀ síbí. Nígbà tí ariwo wa rọlẹ̀, ó jókòó sórí àga Màmá, ó ní, “Mo fẹ́ kí ẹnì kan bá mi sunkún. Tèmi kọ̀, kò jáde.” Títí di ọjọ́ ìsìnkú, n kò mọ ohun tí màá ṣe pẹ̀lú ìlérí mi.

Ọjọ́ náà pé. Àwọn obìnrin agbo-ilé Màmá dé láti Ìgèdè, wọ́n jókòó sẹ́yìn níbi tí wọ́n fi wọ́n sí. Alágbàṣe pẹ́ kó tó dé. Ó sọ̀ kalẹ̀ nínú jíìpù pẹ̀lú jìgí dúdú, ọmọ iṣẹ́ rẹ̀ kan ń sáré sọ fún gbogbo ènìyàn pé ọ̀gá òun kò lè pẹ́, òkú mìíràn ń dúró dè wọ́n ní Ìkẹ́rẹ́. Mo mọ̀ láti inú fídíò pé nísinsìnyí kì í fúnra rẹ̀ dárúkọ òkú mọ́, pé bó bá dé àyè yẹn, máíkì ló máa ń nà sí ẹni tó sún mọ́ ọn jù nínú ẹbí. Mo lọ dúró síwájú. Ète mi ni pé kí n pa ẹnu mi mọ́, kí àyè náà ṣófo lójú gbogbo ayé.

Ó bẹ̀rẹ̀. Mo ń bú u nínú, omi sì ń dà lójú mi. N kò pè é, ó kàn ń dà ni. Ìyẹn ló ń bí mi nínú jù nípa ọkùnrin yẹn, pé orin rẹ̀ ń ṣiṣẹ́. Kò mọ Màmá, kò mọ bó ti ń rìn, ó sì na ọwọ́ sínú mi, ó fa ẹkún yọ bí ẹni tó ń fa omi nínú kànga onílé. Aṣọ funfun jáde lápò rẹ̀ níbi tó ti máa ń jáde. Ìlù rọlẹ̀. Ó na máíkì sí mi.

Mo pa ẹnu mọ́. Gbogbo ènìyàn ń wò mí. Ó mi máíkì, ó ní kí n dárúkọ Màmá. Mo wo pósí, mo sì rí i pé bí mo bá pa ẹnu mọ́, òfìfo náà ni mo fi sin ín. Ni ẹnu mi bá là:

Ìyá mi tí kò mọ orin kọ,
tí kò sì jẹ́ kí ẹni tó mọ̀ ọ́n kọ sinmi.

Ẹ̀rín ta láti ẹ̀yìn, lọ́dọ̀ àwọn ìyá Ìgèdè, wọ́n sì gba orin náà lẹ́nu mi, wọ́n ń gbè é. Wọ́n dìde, wọ́n ń bọ̀ wá síwájú. Ọ̀kan gba máíkì, ó ní ìyá tó wá kí òun nígbà tóun bímọ, tó ní ọmọ náà máa lẹ́wà tó bá yá. Ìyá Ràṣí náà fi ohùn Ọ̀fà dá tirẹ̀, pé ìyá tó jókòó fọ́ báàfù òun, tó ní báàfù ni kò lágbára. Àwọn onílù fi ọ̀gá wọn sílẹ̀, wọ́n ń tẹ̀ lé ẹsẹ̀ àwọn ìyá. Alágbàṣe gbìyànjú láti padà sínú orin tirẹ̀, kò rí máíkì gbà. Ó yọ jìgí, ó wo aago.

Ni Bọ̀dá Ṣẹ́gun bá gba máíkì. Mo rò pé ó fẹ́ pa wá lẹ́nu mọ́ ni. Ó ní, “Ìyá mi tó fi ìgbátí kí mi kú oríire lọ́jọ́ ìgbéyàwó mi, nítorí mo pẹ́ dé ṣọ́ọ̀ṣì.” Ó fẹ́ rẹ́rìn-ín sí i, ẹ̀rín náà sì di ẹkún. Bọ̀dá Ṣẹ́gun sunkún bí ọmọ tí wọ́n jí ìyá rẹ̀ gbé. Ẹ̀yìn ọwọ́ ló fi ń nujú. Ó gbá mi mọ́ra, ó ń nàka sí pósí, ó sì ń sọ fún gbogbo àwọn tó wà níbẹ̀, títí kan Alágbàṣe tó dúró lọ́wọ́ òfo, pé, “Òun nìyẹn. Òun gan-an nìyẹn.”